Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Gbà Wọlé: Ọ̀rọ̀ Ajé Àwọn Ọmọ Arméníà àti Àwọn Ọmọ Nẹ́pàl ní Amẹ́ríkà

Alága ìjókòó òní, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé yín nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú làálàá ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, torí àwọn tó ti pẹ́ jù mí lọ ní ìlú yìí pọ̀ níjokòó.

Ní ọdún tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Brooklyn, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìwọ tó ò ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Àwọn ará Arméníà tí à ń gbọ́ nípa wọn ní California, wọ́n ní ilé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wọn ti ṣe gómìnà. Àwọn ará Nẹ́pàl tó wà ní Jackson Heights ní Queens níbí, èékánná ni àwọn obìnrin wọn ń ṣe fún èèyàn, táksí ni àwọn ọkùnrin wọn ń wà. Ilẹ̀ olókè ni àwọn méjèèjì ti wá. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ṣé àwọn ti Nẹ́pàl ò mọ iṣẹ́ ṣe ni?"

Mi ò dá bàbá lóhùn lọ́jọ́ náà. Ariwo ìlù pọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ ìdúró lọ. Nígbà tí alága wá ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn àtọ̀húnrìnwá bíi tiwa, mo mọ̀ pé ìdáhùn bàbá ni màá gbé wá.

Kí ló fún mi lẹ́nu láti sọ ọ́? Mo gbé Glendale ní California fún ọdún mẹ́rin. Bí ẹ bá pàdé èèyàn mẹ́wàá níbẹ̀, bíi mẹ́rin nínú wọn á jẹ́ ọmọ Arméníà. Láti ìgbà tí mo sì ti dé Queens, iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe jẹun, àwọn ará Nẹ́pàl sì pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó níwájú tábìlì mi láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin. Mo ti jẹun nílé àwọn méjèèjì. Mo ti rí ìwé owó wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ìran kan fi ní tí ìran kejì kò sì tíì ní, ẹ má kọ́kọ́ wo ọwọ́ wọn. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n dé. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé. Ẹ wo ohun tó wà nínú àpò wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé.

Ìgbà tí wọ́n dé

Ta ló kọ́kọ́ dé? Ọmọ Arméníà ni.

Ní ọdún 1881, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Seropian dé Fresno, ní àárín gbùngbùn California. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò èso. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń wọ́ tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń gbin àjàrà, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń gbin ọ̀pọ̀tọ́. Nígbà tí ìpakúpa àwọn ọmọ Arméníà ti ọdún 1894 sí 1896 ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ ọba Ottoman, ibi tí Turkey wà lónìí, púpọ̀ sí i sá wá. Nígbà tó wá di ọdún 1915, èyí tó burú jù lọ dé: èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kú, àwọn tó ṣẹ́kù fọ́n ká lọ sí Síríà, Lẹ́bánónì, Íjíbítì, Faransé àti Amẹ́ríkà níbí.

Àwọn ará Nẹ́pàl ńkọ́? Àwọn bàbá wa tó lọ jagun Burma ti bá wọn pàdé tipẹ́, Gurkha ni wọ́n ń pè wọ́n nínú iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àná ni wọ́n dé. Ní ìkànìyàn ọdún 2010, àwọn ará Nẹ́pàl tí wọ́n kà jẹ́ 51,907. Ní ọdún 2020, wọ́n ti di 205,297. Nínú gbogbo ẹ̀yà Éṣíà tó ti ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó yára pọ̀ tó wọn. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí mẹ́rin nínú wọn bá jókòó níwájú yín lónìí, mẹ́ta nínú wọn kò sí nínú ìwé ìkà ọdún 2010.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ àwọn ọmọ Arméníà la rí tí a fi ń bi ọmọ Nẹ́pàl ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká tú àkísà wọn wò.

Ní Watertown, Massachusetts, ilé iṣẹ́ rọ́bà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ Hood, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ ibẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ nílé. Ní Fresno, àwọn àdúgbò kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilé wọn, dúdú lórí funfun, pé wọn kò gbọdọ̀ ta ilé náà fún ọmọ Arméníà. Ọkùnrin kan lè ní oko àjàrà, kó ní owó lọ́wọ́, kó má sì rí ilé rà ní òpópónà tó wù ú.

Ẹ tún wo Kirk Kerkorian. Ọ̀pọ̀ yín mọ orúkọ rẹ̀, òun ló kọ́ ilé ìtura MGM Grand ní Las Vegas, bílíọ́nnà ni kó tó kú ní ọdún 2015. Fresno ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1917. Àgbẹ̀ àjàrà ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, owó àjàrà gbígbẹ já wálẹ̀, gbèsè mú bàbá, ilẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó wá sí Los Angeles. Èdè Arméníà nìkan ni wọ́n ń sọ nílé, àdúgbò ló ti kọ́ èdè òyìnbó. Ó ta ìwé ìròyìn lójú pópó. Kò parí ilé ìwé. Bí bàbá tó bi mí ní ìbéèrè yẹn bá ti yà sílé wọn ní ọdún 1925, ṣé kò ní bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ ṣe ni?"

Ọmọ-ọmọ ẹnì kan là ń gbé dúró, tí a sì ń fi ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lánàá wé e. Ìyẹn kò tọ́. Bí a bá fẹ́ fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ Nẹ́pàl tòní wé ọmọ Arméníà ọdún 1921, ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?

Ẹnì kan lè ní, "Ó dáa, ìgbà ni. Ṣé kí àwọn ará Nẹ́pàl náà ti tètè wá nígbà náà!" Ṣé wọ́n lè wá? Ẹ gbọ́.

Ní ayé ìgbà yẹn, òfin Amẹ́ríkà ní àtọ̀húnrìnwá tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun tàbí kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tàbí àtọmọdọ́mọ wọn. Ní ọdún 1913, California gbé òfin mìíràn lé e lórí: ẹni tí kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko. Àwọn ará Japan ni wọ́n dìídì fi òfin náà dè. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí wọ́n bá ní ọmọ Arméníà kì í ṣe aláwọ̀ funfun, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí gbogbo oko àjàrà Fresno? Ilẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìjọba sì gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1909, ní Boston, wọ́n fẹ́ dí àwọn ọmọ Arméníà mẹ́rin lọ́wọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà. Adájọ́ ní rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ Tatos Cartozian dé. Oníṣòwò kápẹ́ẹ̀tì ni, ní Portland, Oregon. Ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ìjọba wá pè é lẹ́jọ́ láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò fi òun nìkan sílẹ̀ láti ja ìjà náà. Wọ́n dá owó jọ. Wọ́n gba lọ́yà. Wọ́n pe àwọn ọ̀mọ̀wé wá jẹ́rìí, Franz Boas, ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀, wà lára wọn. Ní ọdún 1925, adájọ́ dá Cartozian láre: aláwọ̀ funfun ni ọmọ Arméníà lójú òfin. Ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀ dúró fún wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti agbègbè Nẹ́pàl wá? Ọdún méjì ṣáájú, ní 1923, ẹjọ́ Bhagat Singh Thind dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọmọ Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà ni. Ó ti wọ aṣọ sójà Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ohun tó kan àwọn, kì í ṣe aláwọ̀ funfun, kò lè di ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n tilẹ̀ gba ìwé padà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà tó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1917 sì ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Éṣíà. Nẹ́pàl fúnra rẹ̀ wà ní títì lábẹ́ àwọn Rana, ìdílé tó ń ṣàkóso níbẹ̀, títí di ọdún 1951. Ọdún 1965 ni Amẹ́ríkà tó ṣí ilẹ̀kùn fún irú wọn gidi.

Ẹ rí i báyìí? Òfin kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọdún méjì síra. Ẹnì kan gba ilẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ló fa ìyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé "bàbá mi là á" kò mọ ẹni tó bá bàbá wọn ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọ Arméníà tó dé lẹ́yìn náà tún gba ilẹ̀kùn tiwọn. Ogun Lẹ́bánónì bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ìjọba Iran yí padà ní 1979, ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1988 pa bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní Arméníà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Soviet wá ló wọlé gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé. Bí ogúnléndé bá wọ Amẹ́ríkà, ìwé rẹ̀ wà ní ìlànà: ó lè ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan ó lè béèrè ìwé ìgbélùú. Tó bá sì bọ́ sílẹ̀ ní Los Angeles, ó bá ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sọ èdè rẹ̀, ó bá ilé ìwé, ó bá ìwé ìròyìn. Hairenik, ìwé ìròyìn wọn kan, ti ń jáde láti ọdún 1899. Ẹgbẹ́ ìrànwọ́ ńlá wọn, AGBU, ọdún 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Cairo. Ní gbogbo ọjọ́ Thanksgiving, wọ́n máa ń ṣe ètò orí tẹlifíṣọ̀n láti Los Angeles, wọ́n á máa ké sí ara wọn kí kálukú dá owó fún ilé.

Ilẹ̀kùn ọmọ Nẹ́pàl pọ̀, wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ní ẹ̀gún ju òmíràn lọ.

Ó ní èyí tó jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà. Àwa náà mọ lọ́tìrì yìí. Ta ni kò mọ ẹnì kan níbí tó gbà á wọlé, kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò láti orí lọ́tìrì ti ọdún 2015? Wọn kò yọ Nẹ́pàl nígbà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jẹ ẹ́ gan-an. Ẹni tó bá fi lọ́tìrì wọlé gba ìwé ìgbélùú, ìyẹn ni pé ìwé rẹ̀ le koko. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ó ní èyí tó wá kàwé. Ó ní àwọn tó ń sọ èdè Nẹ́pàlì ní Bhutan, tí ìjọba Bhutan lé jáde ní nǹkan bí ọdún 1990. Inú àgọ́ ní ìlà oòrùn Nẹ́pàl ni wọ́n wà fún bíi ọdún méjìdínlógún, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè dá oko sí, òfin kò gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ tó wọ àgọ́ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọmọ rẹ̀ dàgbà níbẹ̀ láì rí bàbá rẹ̀ kó di ọkọ́ mú. Láti ọdún 2008, Amẹ́ríkà gba èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún nínú wọn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ẹ bá lọ sí àdúgbò North Hill ní Akron, Ohio, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní títì fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n ti tún ṣí. Gbèsè ni wọ́n sì fi wọ ilẹ̀ yìí, torí owó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé wọn wá, yíyá ni, wọ́n gbọ́dọ̀ san án díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n tún mú àwọn kan nínú wọn, wọ́n dá wọn padà sí Bhutan, Bhutan sì tún tì wọ́n jáde.

Ó wá ní àwọn tí ìwé ààbò onígbà díẹ̀ bò. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2015 pa bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ní Nẹ́pàl, Amẹ́ríkà ní kí àwọn ará Nẹ́pàl tó ti wà níbí má lọ, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Oṣù méjìdínlógún, lẹ́yìn náà oṣù méjìdínlógún mìíràn. Ní 2018 ìjọba ní òun máa fòpin sí i, ilé ẹjọ́ dá a dúró. Ní 2025, ìjọba tún kéde òpin rẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé, mo bi yín: báǹkì wo ló máa yá èèyàn lówó ilé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ìwé tó fi ń gbé ìlú kò ju oṣù méjìdínlógún lọ?

Ohun tó wà nínú àpò

Ní Glendale, obìnrin kan tó ti Tehran wá ni onílé mi. Òkè ilé ni èmi àti òun jọ wà. Ìyá àgbà ni, ó máa ń pè mí kí n wá mu kọfí nínú ife kékeré kan tó dà bíi ti ọmọ ìṣeré. Ọjọ́ kan ó fi àpò awọ kan hàn mí. Irin iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní àpò yẹn àti wúrà díẹ̀ ni àwọn gbé kúrò nílé ní 1979. Ọkọ rẹ̀ wọ àárín ìlú Los Angeles, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọn pọ̀ sí, láàrín ọ̀sẹ̀ kan ó ti rí àyè lórí tábìlì ìbátan rẹ̀ kan.

Nínú ilé kan náà, nísàlẹ̀, ọkùnrin ọmọ Arméníà kan wà tó ti Yerevan wá. Ẹnjiníà ni nílé. Ó wa táksí. Ìyá rẹ̀ ń gba owó ìrànwọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ ìjọba, owó yẹn ni wọ́n fi kún owó ilé. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú férémù lára ògiri, kò sì sẹ́ni tó gbà á níṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó wá láti ilẹ̀ tí ìjọba ti ń ṣe gbogbo òwò, níbo ló ti máa kọ́ òwò? Ọmọ Arméníà ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan ni wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé "àwọn ará Arméníà lówó," ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé, "Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká padà sí Queens. Ilé ìwádìí Pew to owó ìdílé àwọn ará Nẹ́pàl láti ẹni tó gba kékeré dé ẹni tó gba púpọ̀ ní ọdún 2015. Ìdílé tó wà ní àárín gbùngbùn ń gba 43,500 dọ́là lọ́dún. Ti Amẹ́ríkà lápapọ̀ jẹ́ 53,600. Dókítà wà nínú wọn o, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wà, àwọn tó ní ilé epo ní Texas wà. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn nìyẹn.

Oníbàárà mi kan máa ń gbé ìwé rẹ̀ wá nínú báàgì rọ́bà. Ìwé owó oṣù mẹ́ta: ti ilé oúnjẹ, ti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ti ibi tó ti ń gbé ẹrù kiri. Nísàlẹ̀ báàgì, rìsíìtì owó tó fi ránṣẹ́ sílé, ó so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn rọ́bà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó bi mí bóyá òun lè kọ bàbá àti ìyá òun sínú ìwé owó orí, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé òun lòún ń bọ́ wọn. Mo ní òfin kò gbà: òbí tó ń gbé Nẹ́pàl, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ kò lè kà á mọ́ àwọn tí ẹ̀ ń bọ́. Ó wo àwọn rìsíìtì náà. Kò sọ nǹkan kan, ó dá wọn padà sínú báàgì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá wí níbí?

Bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ọrọ̀ ajé Nẹ́pàl lọ́dún ló jẹ́ owó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, láti Qatar, Malaysia, Saudi, Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Arméníà náà ń fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ra ilé ní Fresno, nínú èrè dúkìá ló ti ń fún ilé. Ọmọ Nẹ́pàl yìí, nínú owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń yọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Àwọn obìnrin wọn ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù èékánná ni ọ̀pọ̀ wọn wà, òórùn kẹ́míkà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ kọ́ṣẹ́ láì gba owó rárá. Ní ọdún 2015 ni ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ New York sì ṣe òfin tuntun lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn obìnrin náà káwọ́ gbera. Láti 2005 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Queens, Adhikaar lorúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni ẹ̀tọ́. Wọ́n wà lára àwọn tó jà títí New York fi ṣe òfin ààbò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé ní 2010. Nígbà tí mo bá rí wọn, ẹgbẹ́ tó gba lọ́yà fún Cartozian ni mo máa ń rántí.

Wọ́n sì ní èésú. Bẹ́ẹ̀ ni, èésú! Dhukuti ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yà Thakali ni òkìkí rẹ̀ mọ́ jù. Ogún èèyàn lè jọ dá ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan lóṣù, ẹnì kan á kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ìyàtọ̀ kan wà sí tiwa. Àwọn kan máa ń ta á bíi gbànjo: ẹni tí owó ká lára jù, tó gbà kí wọ́n yọ iye tó pọ̀ jù, òun ló máa kó o, ohun tí wọ́n yọ á sì di èrè àwọn tó kù. Ẹni tó bá ní sùúrù dé ìparí ló ń jèrè. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, ojú ni wọ́n fi mọ ara wọn.

Ohun tó ká mi lára nípa rẹ̀ nìyí: ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ogún oṣù láì yẹ̀ ọjọ́ kan, báǹkì kò rí i. Kò sí nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣeé yá lówó. Kálukú yín tó ń dá èésú níbí ló wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, oníbàárà mi tó ní báàgì rọ́bà yẹn tún dé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èésú ti kàn án. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó fẹ́ gbà ní Jackson Heights, momo ló fẹ́ máa tà, oúnjẹ wọn tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun di ẹran sínú tí wọ́n ń fi ooru omi sè. Ó ti kọ orúkọ mẹ́ta tó lè sọ ṣọ́ọ̀bù náà sórí bébà, ó ní kí n yan èyí tó dùn létí òyìnbó. A bẹ̀rẹ̀ sí kọ fọ́ọ̀mù. Mo bi í pé orúkọ ta ni kí n kọ gẹ́gẹ́ bí onílé iṣẹ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ìwé onígbà díẹ̀ ni tiẹ̀, ẹni tó fẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù sì ní òun fẹ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ máa gbó tó ọdún mẹ́wàá àdéhùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ lọ́tìrì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ìyá kan náà ló bí wọn, òun ló dá èésú fún ogún oṣù. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni mo kọ.